Wọ́n Júwe Ilé Muslimat fún Ẹni Tó Ń Sá Fún

Wọ́n ní ọkọ̀ ló pa Muslimat ní títì Abossey Okai. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá wí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbààgbà wa wí, kálukú sì lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó mú kí aránṣọ tó ti ń sọdá títì yẹn láti kékeré fi ẹ̀yìn rìn bọ́ sáàárín ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí èmi ni mo bá a gbé àpò aṣọ rẹ̀. Olúbáyọ̀ ló yọ sí wa lójijì, tó na ọwọ́ sí i, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún márùn-ún ni ọkùnrin yìí fi tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Odawna dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Muslimat kò fẹ́ ẹ rí, kò gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tó sú u, ó rọra kó wá sí àgbàlá wa ní Cow Lane. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí láti kàwé nígbà náà, n kò mọ ẹnì kankan, ojú sì máa ń tì mí láti kí èèyàn. Òun ló kọ́kọ́ kí mi. Òun ló fi tròtrò, ọkọ̀ akérò tí mo máa wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, hàn mí. Mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń yọjú lójú fèrèsé kó tó jáde. Mo rò pé òjò ló ń wò.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ Olúbáyọ̀ fún mi, mo bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀ bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní rárá. Ọkọ àtijọ́ ńkọ́? Rárá. Ṣé ó ti lù ú? Kò tíì lù ú.

“Sísítà, òfin tó wà lọ́wọ́ mi, ti tọkọtaya àti ará ilé ni. Ọ̀kankan kọ́ lẹ jẹ́ síra yín. Tó bá lù ẹ́, kó o padà wá.”

Ẹ ò rí ọgbọ́n! Kí obìnrin tó rí ààbò lọ́wọ́ ọkùnrin, àfi kó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kó lọ gba ìgbátí wá, kó gbé ojú tó wú dání. Muslimat kò ní ọkọ, kò ní ojú wíwú. Kí ló wá dé ibẹ̀ wá ṣe?

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Habiba, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé àwa Yorùbá tó ń gbé ìlú yìí. Bàbá Àrówólò, olórí ìpàdé, ránṣẹ́ pe Olúbáyọ̀. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sunkún. Inú àwọn àgbà yọ́. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ báyìí, ṣé ó lè níwà burúkú? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nílé. Bí wọ́n ṣe júwe ilé wa fún un nìyẹn, dé orí àwọ̀ ilẹ̀kùn.

Muslimat kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ júwe ilé mi fún un?”

“Ọmọ mi, ṣé ojú títì ló wá yẹ kó ti máa bẹ̀ ọ́?”

Láti ọjọ́ kejì ni Olúbáyọ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ dé Abossey Okai.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ Muslimat, Olúbáyọ̀ kó omi inú ọ̀rá wá fún àlejò. Àfáà kéde orúkọ rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fún un ní aya rere. Ẹ ṣàmín, gbogbo yín. Mo gbọ́ yín.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá, mo ti wá sọ ohun tí mo rí, ẹ ní kí n lọ sinmi. N kò ní sinmi, mo ń padà bọ̀. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ kọ òfin tí kò ní í bi obìnrin léèrè ọkọ kó tó gbà á là. Àti ẹ̀yin, Bàbá Àrówólò, tẹ́ ẹ mọ ilé júwe: ọlọ́pàá ní àwọn ò mọ ibi tí Olúbáyọ̀ ń gbé. Ẹ lọ júwe ẹ̀ fún wọn.