Mo Ní Éèsì Méjì, Mo Kan Tábìlì

Ọkùnrin tó kọ́ mi ní eré káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. "Wọ́n" ni mo máa ń lò fún un nígbà náà. Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń lò báyìí. Bó ṣe yẹ ẹ́ ni.

Ọ́fíìsì ìjọba kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbarà, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣì jẹ́ tuntun. Tí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, a óò pín igi ìṣáná ní ogún-ogún, a óò sì ta káàdì. Ẹni tí ìṣáná rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló máa ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Káàdì márùn-ún ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí tìrẹ bá wù ọ́, o fi ìṣáná lélẹ̀. Ẹnì kejì yóò fi iye kan náà lé e tàbí kó ju káàdì rẹ̀ nù, kó sì fi èyí tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Bí o kò bá fẹ́ fi nǹkan kan lélẹ̀, o fi ìka kan tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn la óò pààrọ̀ èyí tí kò wù wá, a óò tún fi ìṣáná lélẹ̀ ká tó ṣí i. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá jọra jù ló ń kó ìṣáná ilẹ̀: méjì tó jọra dára, mẹ́ta jù ú lọ.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ. "Bí méjì tó jọra tó sì tóbi bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, má sọ̀rọ̀. Kan tábìlì. Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú àgbà?"

Wọ́n kọ́ mi nílé lóòótọ́. Ní Itori tí wọ́n bí mi sí, bí àgbà bá wà níjòókòó, ẹ kò lè mọ̀ pé mo lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí bí ẹ̀wù tí wọ́n ti rán dè mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń ra gúgúrú, tí mò ń rò pé orí mi ni kò gbè mí.

Kọ́tásì kan wá ṣófo lẹ́yìn ọ́fíìsì: yàrá méjì, kíṣíìnì tirẹ̀, ẹ̀rọ omi. Àwa méjèèjì la kọ̀wé béèrè. Yàrá kan ṣoṣo lèmi àti ìyàwó mi ń gbé ní Láfẹ́nwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Ó ti ra aṣọ kọ́tìnì sílẹ̀ fún ilé tí a kò tíì rí gbà.

Ọ̀gá wa ní ká lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wa. Ẹ̀gbọ́n ló ní ká ta káàdì sí i. Ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi àgbà rẹ́ ẹ jẹ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́, ẹ gbọ́.

Ìṣáná wa ṣì dọ́gba nígbà tí éèsì méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nínú káàdì, kò sí méjì tó jù ú lọ. Mo ṣe bó ṣe kọ́ mi: mo kan tábìlì. Òun náà kàn án. Ó pààrọ̀ káàdì mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà pààrọ̀ mẹ́ta, n kò rí nǹkan kan fi kún un. Ìgbà yẹn ni mo wá ti gbogbo ìṣáná mi síwájú. Ó fi tirẹ̀ lé e, ó ṣí i: oníméje mẹ́ta. Méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀kẹta bá a nínú pípààrọ̀. Bí mo ṣe pàdánù ilé nìyẹn.

Ìyàwó mi kò bú mi. Ó kàn ní, "Ṣé ẹ ò lè sọ fún wọn pé mo lóyún ni?" Ọ̀rọ̀ náà kò wá sí mi lẹ́nu rí, torí àgbà ló wà níwájú mi.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí ọkàn mi tó gbà láti lọ kí i kú ilé tuntun. Mo mú iṣu márùn-ún láti oko bàbá mi dání. Mo dé ojú fèrèsé, mo gbọ́ ọ tó ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní káàdì.

"Bí méjì tó tóbi bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, fi ìṣáná lélẹ̀ kíá. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí a ta káàdì sí ilé yìí, ká ní ó fi márùn-ún péré lélẹ̀, mo ti ju tèmi nù."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ṣé bí ẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

"Ta ló máa ń kọ́ ẹni tó ń bá a du nǹkan?" Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dùn mí wọra, kì í sì í ṣe nítorí ilé nìkan. Ọjọ́ tó kọ́ mi, kò tíì sí ilé kankan tí a ń du. Nítorí gúgúrú lásán ló ṣe tà mí.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gba iṣu, ó ń dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ká ta ẹyọ kan. Káàdì mi kò jọ ara wọn rárá, ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, mo ti ti ogún ìṣáná síwájú. Ó wò mí títí, ó ju tirẹ̀ nù.

"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí."

Mo dìde, mo padà sí Láfẹ́nwá lọ bá ìyàwó mi, tó ti ń fi aṣọ kọ́tìnì náà pọn ọmọ.