Mọ́ínmọ́ín Ẹlẹ́yin Làbákẹ́

Ní Muṣin, ní nǹkan bí ọdún 1934, Làbákẹ́ ló ń se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin tà fún àwọn ọmọ tó rù lẹ́yìn ìjálẹ́nu ọmú. Ọ̀fẹ́ ló ń fún aláìní. Mo mọ ọmọ tí kò lè dìde tẹ́lẹ̀ tó padà ń sáré kiri. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè, àmọ́ ẹ̀rín ni Làbákẹ́ fi ń dá wọn lóhùn: "Ebi ló ń sọ ọmọ di olè."

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà tuntun kan, Sìdíkàt, rí ọmọ Làbákẹ́ tó ń jẹ ẹ̀kọ lásán.

"Ẹ̀gbọ́n, Ṣàíbù tiyín ńkọ́? Ṣé òun náà ń jẹ ẹyin?"

Làbákẹ́ ń nu ewé tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wà lára àwọn tó ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè, jókòó lẹ́nu ọ̀nà; òun ni Làbákẹ́ ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí.

"Rárá," ó wí, "mi ò fún un rí."

Sìdíkàt rọra dá mọ́ínmọ́ín rẹ̀ padà sínú igbá.

Làbákẹ́ bá pe Ṣàíbù. Lójú ìyá ọkọ rẹ̀, ó tú ewé kan, ó fi ẹyin inú rẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu. Kò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.