Agbẹ̀bí Ẹja Ń Rì, Ọkọ̀ Wa Ń Gbé Àlejò Kiri

Owó ààrò tí mo fi ń yan ẹja, mo ti san ti ọdún yìí. Mo san owó agbọ̀n. Mo san owó ọkọ̀ ọkọ mi náà, ọkọ̀ tó ti wà nísàlẹ̀ omi, torí akọ̀wé yín ní orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Mo ní kò burú, ẹ gbà. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ajigbèsè ló ń pariwo. Ó wá ku ohun tí ẹ̀yin jẹ mí.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń mójú tó ẹja inú adágún àti ẹyẹ etí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín o. Ọkọ mi kú. Olùṣọ́ adágún ni. Ọ̀sán gangan ló rì, lọ́jọ́ Àìkú, lójú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí àwa apẹja àti ayanja dáwó rà kó lè máa fi ṣọ́ ẹja. Àlejò ló wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Wọ́n ń fi ìwọ̀ ṣeré.

Agbẹ̀bí Ẹja làwọn apẹja ń pè é. Èébú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Ibì kan wà létí adágún tí omi ò ti jìn, tí koríko odò hù bo gbogbo ojú ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹja máa ń wá yé ẹyin sí, a sì ń pè é ní Ilé Ìgbẹ̀bí. Tẹ́lẹ̀, ta ni kì í da àwọ̀n síbẹ̀? A kó ìyá, a kó ọmọ, a kó ẹyin. Ẹja tí mò ń yan nígbà náà, tí ẹ bá gbé e síwájú ológbò, ojú yín ló máa wò bóyá ẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín ni.

Ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó adágún yìí dé. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ń jẹun lára adágún ni yóò sanwó: ẹni tó ń dẹ àwọ̀n, ẹni tó ń yan ẹja, ọdẹ tó ń yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ omi nínú koríko. Wọ́n ní owó náà ni àwọn máa fi ṣọ́ ohun tó kù. A kùn, a ṣépè, a san án. Wọ́n mú ọkọ mi kúrò nídìí àwọ̀n, wọ́n fún un ní fìlà, wọ́n ní kó máa lé èèyàn kúrò ní Ilé Ìgbẹ̀bí lásìkò ẹyin.

Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ mú? Ìyá tó bí i lọ́mọ. Èmi náà wà ní èbúté lọ́jọ́ yẹn. Màmá gbé agbọ̀n ẹja wẹ́wẹ́ tó ti Ilé Ìgbẹ̀bí wá, ọmọ wọn dúró síwájú wọn.

"Ìwọ! Ṣé ọ̀gá adágún ló dí mi lọ́nà ni, àbí ọmọ mi?"

"Àwa méjèèjì ni, Màmá. Ọmọ yín ń kí yín. Ọ̀gá adágún ní kí ẹ sọ agbọ̀n kalẹ̀."

"Ẹ gbà mí o! Ọmọ tí mo fi ẹja tọ́ ló ń gba ẹja lọ́wọ́ mi!"

"Ẹja tí ẹ fi tọ́ mi tóbi ju èyí lọ, Màmá. Ẹ wò ó dáadáa."

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tí wọ́n bá dé ilé wa, èmi ni wọ́n máa ń rán sí i: "Sọ fún ọ̀gá adágún pé mo kí i." Ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo èèyàn wọhò láti ọjọ́ náà. Ẹni tó gba agbọ̀n lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ta ló tún kù tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fojú fo tòun?

Ẹja padà. Ẹja tó máa ń kún ààrò, tí ọ̀rá rẹ̀ ń ta sínú iná. Pẹ́pẹ́yẹ omi padà sínú koríko. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé owó ọdẹ àti owó apẹja ló ń ba nǹkan jẹ́. Ojú mi ló ṣe. Owó tí a san kí a tó pa ọ̀kan ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yè.

Ìgbà wo ló wá bàjẹ́? Ìgbà tí àlejò dé. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn, tí wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá mú. Mi ò bá wọn jà, wọ́n sanwó wọn. Ohun tí ẹnì kan ń san lọ́jọ́ kan, gbogbo ààrò èbúté wa ò pa á lóṣù. Ojú àwọn ọ̀gá wa là. Wọ́n kun ọkọ̀ tí a dáwó rà, wọ́n fi tìmùtìmù sórí ìjókòó rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ tí olùṣọ́ ò bá lò ó ni àlejò ń lò ó. Nígbà tó yá, ọjọ́ tí àlejò ò bá lò ó ni olùṣọ́ lè lò ó. Nígbà tó tún yá, kò sí ọjọ́ tí àlejò kì í lò ó. Owó tí a ní kó wá ṣọ́ ẹja, òun náà ni wọ́n wá ń ṣọ́ bí ẹja.

Ọkọ mi fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. Ó ní, "Èmi ni ìyáálé. Àlejò ni ìyàwó tuntun. Ẹ jẹ́ kí n rọra máa fọwọ́ tukọ̀ mi." Ọkọ̀ onígi tó fi ń pẹja látijọ́ ló padà sí. Èmi gan-an ni mò ń bá a dí ihò ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, wọ́n sáré wá sọ fún un pé àwọn kan ń da àwọ̀n sí Ilé Ìgbẹ̀bí. Àsìkò ẹyin ni. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù lójú mi pé kó fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ránṣẹ́. Ó gbọ́ èsì, ó ki fóònù bọ àpò.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Ó ní kí n ṣe sùúrù, àlejò ò tíì kúrò lójú omi."

"Ṣe sùúrù náà. Ọjọ́ ìsinmi ẹ nìyí. Jókòó."

"Tí wọ́n bá kó ẹyin yẹn lọ lónìí, kí lo fẹ́ yan lọ́dún tó ń bọ̀? Èéfín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú àjẹ̀, ó lọ. Afẹ́fẹ́ dìde lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá bá mi nídìí ààrò. Mo fi àpótí lọ̀ ọ́, kò jókòó.

"Ìyàwó, mo rí i. Ó bọ́ aṣọ, ó ń jù ú sókè, ó ń fi pè wá."

"O rí i. O wá ṣe kí ni?"

"Mo pe ọ̀gá pé mo fẹ́ yà síbẹ̀. Ó ní Agbẹ̀bí mọ omi ju ẹja lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn àlejò lo àkókò tí wọ́n sanwó fún tán."

"Ìwọ náà sì gbọ́ràn."

"Mo gbọ́ràn. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ìdí ọkọ̀ ló kọjú sókè."

Mo bi í bóyá mo lè kọ ọ́. Ó ní, "Kọ ọ́. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹnu mi ti pọ̀ jù."

Èmi àti ìyá ọkọ mi lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Yàrá tí àlejò ń jókòó sí ni wọ́n fi wá sí. Lórí ògiri, lókè orí wa, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì ló tò lọ rẹrẹ, gbogbo wọn gbẹ, gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Ọ̀gá jáde sí wa.

"Màmá, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. A ò lè kọ ọ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló kú sí."

Màmá wò ó. "Ẹja ńkọ́? Ṣé ẹja náà ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ òfin là ń sọ."

"Ẹ̀wù wọ̀nyí ńkọ́? Ẹ ò lè yá ọmọ mi ní ẹyọ kan?"

"Ti àlejò nìyẹn, Màmá. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn àlejò náà ló ń san owó oṣù ọmọ yín."

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ń san án kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ibí?" Ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀.

Bí a ṣe ń jáde ni mo rí ọkọ mi lára ògiri ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò ńlá, tí wọ́n fi ń pe àlejò. Ó gbé ẹja kan tó gùn bí ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín, àlejò kan dì mọ́ ọn. Mo mọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi ni mo lọ̀ ọ́, fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Orí ìjókòó la wà tí ilé iṣẹ́ yìí pè é, pé àlejò pàtàkì kan fẹ́ ẹni tó máa mú un débi tí ẹja ńlá wà. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti ń kó àga. Ó ń rùn fún ẹja, ó ń bẹ àbúrò mi, àbúrò mi ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo ẹni tó wá síbi ìgbéyàwó náà lè jẹ́rìí sí i: ọjọ́ Àìkú ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọjọ́ ìsinmi wo lẹ wá ń sọ? Tí àlejò bá fẹ́ ya fọ́tò, ọjọ́ Àìkú a di ọjọ́ iṣẹ́. Tí ẹja bá fẹ́ yé ẹyin, ọjọ́ Àìkú a di ọjọ́ ìsinmi. Ẹ lè fi ẹ̀rín òkú polówó ọjà, ẹ ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ yín ni nígbà tó ń kú? Ojú ò tì yín?

Wọ́n ti wá sọ pé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, àlejò tó bá lè san owó ìlọ́po méjì máa láǹfààní láti ju ìwọ̀ sí Ilé Ìgbẹ̀bí. Wọ́n ní kò sí olùṣọ́ mọ́, ibẹ̀ kàn wà lásán ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí rì tán, ẹ wá ń ta yàrá ìbímọ. Ẹja tó loyún ni wọ́n máa fà jáde níbẹ̀. Ẹni tó pa adìyẹ tó ń sàba, òròmọdìyẹ wo ló fẹ́ tà lọ́la? Àwọn àlejò náà ò ní rí nǹkan kan mú tó bá yá, wọ́n á gba ibòmíràn lọ. Àwa la máa jókòó ti adágún òfìfo.

Ohun tí ẹ jẹ mí ò ju pé kí ẹ wí i lẹ́nu ara yín: ta ló ní kí wọ́n jẹ́ kí àlejò lo àkókò tán nígbà tí èèyàn ń ju aṣọ lójú omi? Kí ẹni náà jáde. Kí ẹ kọ ọ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni ọkọ mi kú sí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ gba ohun tó tọ́ sí wọn. Kí ẹ sì fi Ilé Ìgbẹ̀bí sílẹ̀ ní títì.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ èsì, kí ọjọ́ Àbámẹ́ta yín tó pé. Èbúté ni mo ti fẹ́ ẹ, lójú gbogbo èèyàn, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Tí ẹ ò bá wá, gbogbo àwa tí à ń sanwó adágún ti fẹnu kò: ọkọ̀ wa la máa tò dí ẹnu ọ̀nà Ilé Ìgbẹ̀bí. Ìyá ọkọ mi ló ní òun máa jókòó sínú ọkọ̀ iwájú. Màmá ò mọ̀wẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin ọ̀gá.