Orúkọ Kan fún Sẹ́ńsọ̀ Méjì

Injinníà ni gbogbo àdúgbò Under G ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo so sẹ́ńsọ̀ méjì tó ń wọn ìgbóná mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan, fún ẹ̀rọ tí yóò máa bá adìẹ sàba ní Ìrẹsà. Tí mo bá so ọ̀kan, á dáhùn. Tí mo bá so méjèèjì, pàbó. Mo pààrọ̀ wáyà, mo ṣépè fún ẹni tó tà á, mo tún Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà náà kọ sí i.

Nígbà tó sú mi, mo ké sí òde: “Hafeez télọ̀, pa rédíò yẹn jàre.” Mi ò jẹ́ pe Hafeez lásán, torí Hafeez bábà tó ń gẹ irun wà lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn méjèèjì á jọ dáhùn ni. Ẹnu mi là sílẹ̀: orúkọ kan náà ni kọ̀ǹpútà fi ń pe sẹ́ńsọ̀ méjèèjì; wọ́n jọ ń dáhùn, kò sì gbọ́ ìkankan.

“Injinníà, kí ló dé?” ni télọ̀ bi mí.

Ojú tì mí láti jẹ́ Injinníà; mo ní kó máa pè mí ní Israfil, orúkọ mi gan-an.