Ẹsẹ̀ Ìyá Ọkọ Mi àti Odò Ìmọ̀rù

Bí sòbìà, aràn gígùn abẹ́ awọ, bá fẹ́ jáde lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ibẹ̀ a máa ta bí iná. Ní Ìmọ̀rù, omi odò nìkan la mọ̀ tó ń pa iná yẹn. Ìyàwó tó bá mọ ìtọ́jú, a pọn ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sódò láràárọ̀, a gbé e jókòó sórí àpáta, a ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi. Èmi náà pọn tèmi. Àwọn ará àdúgbò a kí mi lọ́nà: "O kú ìtọ́jú o! Ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ." Inú mi a dùn. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń pọn omi mímu ká tó padà sílé.

Wọn ò tíì pẹ́ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà tí olùkọ́ yunifásítì kan wá. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí lórí sòbìà, òun sì fẹ́ kí àwa tó ń ṣe gbọ́ ohun tí òun ti rí. Mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà. Mi ò ní kọ wọ́n síbí. Púpọ̀ wọn ti lọ. Dókítà la pè é. Ó ní òun kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́.

Bàbá arúgbó kan ní, "Kò burú, ẹ sá bá mi wo ìbàdí mi náà."

Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, dókítà ní kí ẹni tí sòbìà rẹ̀ ń jáde wá. Ìyá ọkọ mi la gbé síwájú. Ó ti ẹsẹ̀ ìyá bọ abọ́ omi. Lójú wa, nǹkan funfun bí omi ògì tú jáde látojú egbò, ó tàn ká inú omi. Dókítà ní ọmọ sòbìà nìyẹn, wọn ò lóǹkà. Kòkòrò tíntìntín inú odò á gbé wọn mì, àwa náà á mu kòkòrò mọ́ omi.

"Èyí tó ń jáde lónìí, èṣí lẹ ti mu ún."

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ṣé ó ń ka oṣù nínú ikùn wa ni?"

"Ó ń dàgbà ni."

Ó bu omi odò wa síwájú awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó ní kí n wò ó. Mo rí àwọn kòkòrò náà, wọ́n ń tọ kiri. Ó ní ká máa fi aṣọ sẹ́ omi ká tó mu ún, kí ẹni tí sòbìà rẹ̀ ń jáde má sì ti ẹsẹ̀ bọ odò mọ́.

Ọmọbìnrin ilé kejì wa ni ọkàn mi lọ bá. Lọ́dún yẹn, sòbìà mú un lẹ́yìn orúnkún, ẹsẹ̀ náà ká, kò nà mọ́. Ní èṣí, èmi ni mo máa ń gbé garawa rù ú lódò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ìyá.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá na ọwọ́ sí mi. "Ìyàwó, ilẹ̀ ti mọ́."

Mo gbé abọ́ omi wá sí ẹ̀yìnkùlé. "Ìyá, abọ́ ló kù báyìí. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

"Ṣé dókítà ló máa bá mi jẹ ìrora ẹ̀?"

Omi abọ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ọ́rọ́. Mo ń pààrọ̀ rẹ̀, mo ń dà á sígbó. Ìyá ní kò dà bí èyí tó ń ṣàn.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kò bẹ̀ mí rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Mi ò pọ̀n ọ́n. Ó sunkún bí ọmọdé, ilé kejì gbọ́. Ọkọ mi, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin lọ́dún yìí, ti oko dé, ó bá a lórí ẹkún.

"Ṣé kò sí ọgbọ́n mìíràn ni?"

Mo ní kò sí. Ó wọlé, kò jẹun.

Sòbìà náà já sínú, ẹsẹ̀ wú, ìyá ò sì lè rìn dáadáa mọ́ títí tó fi kú. Bí àlejò bá wá kí i, á ní, "Ìyàwó mi tó ń pọ̀n mí tẹ́lẹ̀, kò pọ̀n mí mọ́ o." Wọ́n á wò mí. Èmi á dorí kodò, mà á máa fi aṣọ sẹ́ omi tí wọ́n máa mu. Ọmọbìnrin ilé kejì á sì máa tiro kọjá níwájú ilé. Nínú àwọn méjèèjì, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá kọ́kọ́ bẹ̀.