Ọ̀nà Ẹnu Ni Wọ́n Gbà

Ìbínú mi kì í pẹ́ dé. Gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá mi gan-an ló sì máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé aṣọ wá fún mi rán. Wọn á ní, "Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ má bá a jiyàn." Irọ́ kọ́.

Ládánì ni bàbá mi. Àwọn ni wọ́n ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ohùn ẹ̀dá ni. Tí wọ́n bá pe ìrun àìlà lọ́sàn-án, àwọn tó ń kọ ebè lẹ́yìn ìlú á fi ọkọ́ lélẹ̀.

Etí ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń dùn wọ́n. Ìyá mi yọ́ òrí, wọ́n kán an sí i, kò lọ. Nígbà tó yá, òkèlè bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn lọ́fun lápá ibẹ̀ náà, ohùn wọn sì ń wúwo. Gbogbo ilé bá fẹnu kò pé bẹ́lúbẹ́lú ni, ẹran kékeré tó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n yẹn. Lọ́dọ̀ wa, tó bá ti gùn jù, onígbàjámọ̀ ni yóò gé e. Mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn, bàbá onígbàjámọ̀ tó ń fárí lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí.

Ó fi ṣíbí tẹ ahọ́n bàbá mi, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Irin rẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé kékeré ti wà lọ́wọ́ kejì. Ó wò ó, wò ó, ó bá dá irin padà sínú àpò.

"Ládánì, bẹ́lúbẹ́lú wo ni mo fẹ́ gé? Èmi kọ́ ni mo gé e lọ́dún tí ẹ gbéyàwó? Ohun tí mo rí yìí, ẹ̀gbẹ́ ló wà, ó sì le. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ò ní kàn án. Ọsibítù ni kí ẹ lọ."

Àṣé bàbá mi gan-an ti gbàgbé pé àwọn kò ní bẹ́lúbẹ́lú mọ́! Dípò kí n dúpẹ́, orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ sọ pé ojú yín ò ríran mọ́, ẹ̀yin bàbá yìí! Iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe látọjọ́ yìí, òní lẹ wá mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n?" Bàbá náà kàn ń pọ́n abẹ rẹ̀.

A lọ ṣá. Ọsibítù tí a kọ́kọ́ dé kọ̀wé lé wa lọ́wọ́, ó di Ìbàdàn. Nínú ọkọ̀, nígbà tí a kọjá Ìsẹ́yìn, bàbá mi fọwọ́ pa ọrùn. "Mo ti dúńbú àgbò Iléyá pọ̀," ni wọ́n wí. "Mo mọ ibi tí ohùn ń gbà lọ. Tí wọ́n bá la ibí yìí, ta ni yóò pe ìrun?" Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ní Ìbàdàn, wọ́n bu díẹ̀ lára nǹkan náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo bọ́ síta, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Nígbà tí mo padà wọlé, bàbá mi ti tẹ̀ka síwèé pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan, mo ti gbà pé ọrùn ni wọ́n máa là.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé. Ọrùn bàbá mi mọ́ roro. Kò sí báńdéèjì, kò sí ojú ọgbẹ́. Rọ́bà tín-ín-rín kan ni wọ́n kì bọ̀ wọ́n nímú.

Háà! Mo fariga. "Ọ̀fun ló ń dun bàbá mi, imú lẹ lọ ṣe! Ta ló rán yín sí imú? Ẹ pe dókítà yẹn fún mi!" Gbogbo wọ́ọ̀dù dìde jókòó. Nọ́ọ̀sì àgbà kan káwọ́ gbera, ó dúró kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé ẹ ti parí? Ó dáa. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ẹnu díẹ̀."

Ó tan iná sí i. Níbi tó le yẹn, ojú ọgbẹ́ pupa ló kù. Ó ní nǹkan náà kò ju hóró àgbàdo lọ, wọ́n tètè rí i; ọ̀nà ẹnu ni wọ́n gbà yọ ọ́, rọ́bà imú sì ni wọ́n fi ń fún wọn lóúnjẹ títí ọgbẹ́ á fi jinná. Èmi tí mo ń ránṣọ! Ṣé mi ò mọ bí a ṣe ń gba ọrùn ẹ̀wù kọwọ́ bọ inú rẹ̀, ká tún un ṣe láìtú u? Ojú tì mí. Èjìká bàbá mi ń mì, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, omijé ìrora sì ń bọ́ lójú wọn. Mo kúnlẹ̀ bẹ nọ́ọ̀sì náà, ara mi sì fúyẹ́.

A padà sílé. Dókítà ní bàbá mi kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè títí àwọn á fi tún ẹnu wọn wò. Ẹlòmíràn ló ń pe ìrun, bàbá mi á sì máa mi orí pé ó ń sáré jù. Nígbà tí a padà lọ, dókítà wò ó, ó ní ibẹ̀ mọ́, kí a kàn máa wá fún àyẹ̀wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí mo gbọ́ ìpè ìrun. Ohùn náà ń gba imú díẹ̀, kò sì lè dé ẹ̀yìn ìlú mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá mi ni. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo sáré jáde láìwọ bàtà.

Bàbá onígbàjámọ̀ wà lábẹ́ igi rẹ̀. Ó ti fá orí ẹnìkan dé ìdajì, ó sì dá ọwọ́ dúró, ó ń gbọ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú irun tó ti fá sílẹ̀.

"Kí ló dé?" ló bi mí. "Kí ni mo ṣe fún ọ? Èmi tí mi ò ṣe nǹkan kan?"

Mo ní, "Ohun tí ẹ ò ṣe yẹn náà ni, Bàbá. Ẹ ṣeun."