Sìmẹ́ǹtì Tí A Kì í Sá Láfún Sí

Ẹ̀yìn ilé bàbá wa ní Ìgèdè-Èkìtì kì í tètè gbẹ nígbà òjò. Òórùn láfún tí wọ́n rẹ sómi, òórùn èèpo kòkó tó ń jẹrà àti òórùn sìmẹ́ǹtì tútù máa ń dà pọ̀ níbẹ̀. Ti sìmẹ́ǹtì ni kò kúrò ní imú mi, ó sì ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún báyìí. Bí àwọn bíríkìlà bá ń po ó ládùúgbò mi, ńṣe ni mo máa ń ti fèrèsé.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú èyí tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ìwọ náà á rántí ìgbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo tẹ̀ lé ló kú. Inú rírun ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé bàbá wa kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú sàréè náà pẹrẹsẹ láìkọ orúkọ sí i. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ọmọ ọdún méje. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé ní Adó, ládùúgbò Fájuyì, nítorí pé tíṣà ni mí, iléèwé mi náà ló sì ń lọ. Bàbá rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó já ọmọ náà lẹ́nu ọmú.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, àkọ́bí obìnrin ilé wa, ló pàṣẹ. Lóṣù tó kọjá, níbi ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, àlùfáà yìn ín níwájú gbogbo ìjọ pé ó tọ́ ọmọ òrukàn. Mo pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù. Nígbà tí mo délé ni mo mú bírò kí n lè kọ èyí sí ọ.

Ohun tó sọ lọ́jọ́ ìsìnkú nìyí: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ yẹn ní ulé yìí. Bó bá ń sunkún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á padà wá mú un lọ."

Mo ní, "Bó bá bèèrè ńkọ́, Sísì?"

"Màmá rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Kàdúná. Sìmẹ́ǹtì yẹn, ibi tí a ó máa sá láfún ni. Àbí kí ni ìwé tóo kà wà fún? Kọ lẹ́tà sí ọmọ náà bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́!"

Mo kọ ọ́. N kò ní parọ́ fún ọ, iṣẹ́ náà tilẹ̀ dùn mọ́ mi díẹ̀. Mo dọ́gbọ́n tẹ ọwọ́ ìkọ̀wé mi sí òsì kó má baà jọ tèmi, mo sì ń ròyìn ọjà Kàdúná tí n kò dé rí. Ọmọ náà á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á kó o pa mọ́, á kọ èsì, á sì fún mi kí n lọ fi ránṣẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni gbogbo èsì náà ń lọ. Kò sunkún rí. Ẹ̀gbọ́n wa ń fọ́nnu: "Ṣé ẹ rí i? Ó ti gbàgbé."

Gbogbo Sátidé la máa ń lọ sí Ìgèdè. Bí a bá ti débẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni ọmọ náà ń gbà lọ. Àwọn ọmọ yòókù á máa sáré kiri, òun á jókòó sórí sìmẹ́ǹtì yẹn, á tẹ́ ìwé sórí rẹ̀, á sì máa kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ìgbà mìíràn, á dọ̀bálẹ̀, á fi etí lé e, á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá wa rí i lọ́jọ́ kan láti ilé ìdáná. Ó kọjú sí ògiri, kò sì kọjú sí wa mọ́ títí tí a fi padà sí Adó.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n wa àgbà gbé láfún jáde, ó ń wá ibi tí yóò sá a sí. Ọmọ náà nawọ́ sí sìmẹ́ǹtì.

"Sísì àgbà, ẹ sá a síbẹ̀ kẹ̀."

"Oòrùn ò dé ibẹ̀."

Oòrùn bo gbogbo ojú sìmẹ́ǹtì náà débi pé ó ń dán. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ ní ibi tí a ó máa sá láfún ni, ẹ ò sì sá nǹkan kan síbẹ̀ rí. Gbogbo yín lẹ máa ń yà fún un bí ẹ bá ń kọjá. Ìyá àgbà sì máa ń kí i láàárọ̀. Ta ni wọ́n ń kí?"

Ẹ̀gbọ́n wa gbé láfún rẹ̀ wọlé padà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí rẹ́jísítà kíláàsì mi, mo bá àpòòwé kan níbẹ̀, tó ní sítáǹbù tí wọ́n ti lò rí lára. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó tẹ̀ sí òsì ni, irú èyí tí mo fi ń parọ́ gan-an. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ kan, tí ẹ̀gbọ́n mi tó kú nìkan ń pè mí nígbà tí a wà ní kékeré, ló fi bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọmọ náà.

"Mo kí ọ o. Kàdúná yìí tutù, kò sì sí iná. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín bí ẹ ṣe ń yí mi ká. Jọ̀ọ́, sọ fún ọmọ mi. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo yára pa rẹ́jísítà dé níwájú ogójì ọmọ. Àṣìṣe tí mo wá ṣe ni pé mo fi han ẹ̀gbọ́n wa. Ó figbe ta: "Òkú ti ń bá a sọ̀rọ̀! Mo wí bẹ́ẹ̀!" Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti mú un lọ sí ilé àdúrà kan ní Ìyìn, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún méje, nítorí pé ó fojú ara rẹ̀ rí òótọ́. Èmi náà jẹ̀bi, torí ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.

Lọ́jọ́ kẹta, mo fi kíláàsì sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyìn. Ó wà lórí ẹní, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo pọ̀n ọ́n, a jáde sí títì, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo fún un lómi, mo sì sọ òótọ́ fún un.

"Màmá rẹ ti kú. Òun ló wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn. Èmi ni mo ń kọ àwọn lẹ́tà náà."

"Mo mọ̀," ó ní. "Màmá mi kì í rojọ́ tó bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó wá gbójú sókè, ó bi mí léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Àǹtí, ṣé mo lè sunkún báyìí?"

Mo ní kó sunkún. Ẹkún tó jáde lẹ́nu ọmọ yẹn, mo rò pé kò ní tán. Àwọn tó ń toko bọ̀ ń dúró. Obìnrin kan ní, "Ìyá ọmọ, ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ẹ jọ̀ọ́." N kò rẹ̀ ẹ́. Mo jókòó tì í nínú eruku títí ẹkún náà fi tó o.

Ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń sọ títí di òní pé ààwẹ̀ yẹn ló gbà á là. Kó máa sọ ọ́. Èmi ti mọ̀ pé ẹ̀rù tiwa la fi ń bo ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ìyá òun kú kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Àṣẹ láti sunkún nìkan ni kò ní, ọwọ́ àwa tí a ní a fẹ́ràn rẹ̀ ni àṣẹ náà sì wà ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn.